Kí Orúkọ Májèlé Tó Hàn: Ìgbéléwọ̀n Ewu àti Ìpinnu lórí Ìlera Ará Ìlú ní Ilẹ̀ Ìkálẹ̀

Iṣẹ́ àbójútó ìlera ará ìlú yàtọ̀ sí iṣẹ́ oníṣègùn ní ọ̀nà kan tí ó ṣe pàtàkì. Oníṣègùn ní aláìsàn kan níwájú rẹ̀, ó lè yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì lè dúró de èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n alábòójútó ìlera, ìbáà jẹ́ kọmíṣọ́nnà ní Àkúrẹ́ tàbí olórí ẹ̀ka ìlera ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa, ní láti ṣe ìpinnu fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí kò fojú rí, nígbà púpọ̀ kí èsì àyẹ̀wò kankan tó jáde. Bí ó bá dúró títí ohun gbogbo yóò fi dá a lójú, ikú kò ní dúró dè é. Bí ó bá sì sáré pàṣẹ lórí àhesọ, ó lè ba ọjà àwọn ènìyàn jẹ́, ó lè da ìlú rú, ó sì lè pàdánù ìgbẹ́kẹ̀lé tí yóò nílò ní ọjọ́ mìíràn tí ọ̀ràn bá le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ gbé kalẹ̀ fún irú àkókò yìí ni wọ́n ń pè ní ìgbéléwọ̀n ewu, ìyẹn ni ọ̀nà ètò tí ìjọba fi ń kó ohun tí ó mọ̀ jọ, tí ó fi ń ya ohun tí ó mọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó ń fura sí, tí ó sì fi ń yan ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe nígbà tí ìmọ̀ náà kò tíì pé.

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀ tí àwọn ènìyàn máa ń dà pọ̀. Ohun eléwu ni nǹkan tí ó ní agbára láti pa ènìyàn lára, yálà kòkòrò àrùn ni, tàbí kẹ́míkà, tàbí omíyalé. Ewu ni bí ó ti ṣeé ṣe tó kí ohun náà pa ènìyàn lára ní tòótọ́, pẹ̀lú bí ìpalára náà yóò ti pọ̀ tó. Ní ìlú Igbódìgò àti ní gbogbo ilẹ̀ Ìkálẹ̀, kò sí ilé tí kò mọ oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní púpurú. Ẹ̀gẹ́ tútù tí wọ́n fi ń ṣe é ní èròjà tí ó lè di sáyánáìdì nínú ara, èyí tí ó jẹ́ májèlé gidi, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tí ń ṣe púpurú ń rẹ ẹ̀gẹ́ náà sómi fún ọjọ́ mélòó kan kí ó lè rọ̀ kí ó sì kan, wọ́n ń fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n ń mọ ọ́n rìbìtì, wọ́n sì ń yan án lórí iná títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi dúdú. Iṣẹ́ yìí ni ó ń dín ewu kù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun eléwu náà wà nínú ẹ̀gẹ́ láti inú oko wá. Ní ọdún tí ebi bá mú tàbí tí ọjà bá ń kánjú, tí wọ́n sì gé ọjọ́ rírẹ kúrú, ẹ̀gẹ́ kò yí padà, ewu rẹ̀ ni ó ga sí i. Alábòójútó tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí yóò máa pàṣẹ lórí ẹ̀gẹ́ nígbà tí ó yẹ kí ó máa béèrè nípa iye ọjọ́ tí ó lò nínú omi.

Àpẹẹrẹ tí ó fi bí ìlànà yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn jù lọ ní agbègbè yìí kò jìnnà sí Igbódìgò rárá. Òde-Ìrèlè, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrèlè, wà ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ kan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa ni Igbódìgò wà. Ní àárín oṣù kẹrin ọdún 2015, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kú níbẹ̀ lójijì. Orí fọ́ wọn, ojú wọn ṣú, wọ́n dákú, àwọn mìíràn kò sì pé ọjọ́ kan lẹ́yìn tí àìsàn náà mú wọn tí wọ́n fi kú. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, iye àwọn tí ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó kéde pé ó ti kú ti tó 17, ó sì di 18 láìpẹ́, ìròyìn náà sì ti tàn dé gbogbo ayé pé àrùn kan tí kò lórúkọ ń pa ènìyàn ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà.

Ìgbà tí ọ̀ràn náà bọ́ sí kò dára. Kò tíì pé ọdún kan tí ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Patrick Sawyer gbé àrùn Ebola wọ Èkó ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 2014. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, 8 nínú wọn kú, ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún náà sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé tó kéde pé orílẹ̀-èdè yìí ti bọ́. Ní Liberia, Guinea àti Sierra Leone, àrùn náà kò tíì tán nígbà tí àwọn ará Òde-Ìrèlè ń kú. Nítorí náà Ebola ni ó kọ́kọ́ wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn kan ní ìlú náà sì sọ pé òrìṣà Málòkun ni ó bínú, nítorí wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ kan ti fọ́ ojúbọ rẹ̀ tí wọ́n sì kó nǹkan níbẹ̀. Èrò kẹta wá láti ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ fúnra wọn: ní ọjọ́ 19 oṣù kẹrin, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àyẹ̀wò kò rí kòkòrò àrùn kankan, àti pé oògùn apakoríko ni ó jọ pé ó fà á. Lẹ́yìn èyí ni àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe ní Èkó fi hàn pé mẹ́tánọ́ọ̀lù ni, ọtí olóró kan tí ó wà nínú ògógóró tí àwọn tí ó kú náà mu.

Ìtàn náà sábà máa ń parí síbẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, bí ẹni pé ṣíṣe àwárí orúkọ májèlé náà ni gbogbo iṣẹ́. Ní tòótọ́, ohun tí ó wúlò jù fún alábòójútó ni ọjọ́ mélòó kan tí ó wà ṣáájú àwárí náà. Ìwé ìtọ́sọ́nà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀ jáde ní ọdún 2012 lórí ìgbéléwọ̀n ewu kíákíá pín iṣẹ́ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ sí ìbéèrè mẹ́ta. Èkíní ni ti ohun eléwu náà: kí ni ó lè jẹ́, èwo ni ó sì jọ jù nínú gbogbo ohun tí ó lè jẹ́? Èkejì ni ti ìfarakínra, ìyẹn ni pé ta ni ó ti kan ohun náà, ta ni ó ṣì lè kàn án, ọ̀nà wo ni ó sì ń gbà dé ara wọn? Ẹ̀kẹta ni ti ipò tí ìlú wà, nítorí ohun eléwu kan náà kì í ṣe bákan náà níbi tí ilé ìwòsàn wà nítòsí àti níbi tí ó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni wọn yóò wọ̀ kí wọ́n tó débẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní apá ibi púpọ̀ ní ilẹ̀ Ìlàjẹ tí ó bá Ìkálẹ̀ pààlà.

Ẹ jẹ́ kí á gbé ìbéèrè wọ̀nyí ka ohun tí wọ́n ti mọ̀ ní Òde-Ìrèlè kí èsì Èkó tó dé. Ebola a máa mú ibà wá, a máa mú èébì àti ìgbẹ́ gbuuru wá, ó sì máa ń mú àwọn tí ó tọ́jú aláìsàn àti àwọn tí ó wẹ òkú. Àìsàn Òde-Ìrèlè fọ́ orí, ó sì kọlu ojú, kò sì ràn láti ara aláìsàn dé ara ìyàwó tí ó gbé e lé ẹsẹ̀. Ikú tí ó kó ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ sí ọjọ́ díẹ̀, tí kò sì tàn ká bí àrùn tí ń ràn, ń tọ́ka sí ohun kan tí gbogbo wọn jọ jẹ tàbí jọ mu. Ìfọ́jú ni ó sì jẹ́ àmì tí ó ń sọ̀rọ̀ jù lọ, nítorí kò pọ̀ nínú àwọn àrùn tí ń ràn tí í fọ́ ènìyàn lójú ní ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n májèlé kan wà tí gbogbo ìwé ìṣègùn mọ̀ mọ́ iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó bá fi sùúrù to àwọn nǹkan wọ̀nyí yóò lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó jọ pé májèlé ni, pé ó jọ pé inú ohun mímu ni ó wà, pé ìdánilójú lórí irú májèlé náà ṣì kéré, ṣùgbọ́n ìdánilójú pé kì í ṣe àrùn tí ń ràn ti ga díẹ̀.

Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni ọkàn ìgbéléwọ̀n ewu, òun náà sì ni àwọn ọ́fíìsì máa ń fò kọjá. Ìlànà náà béèrè pé kí ìdájọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n ìdánilójú tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹni tí ó fẹ́ pàṣẹ lè mọ ibi tí ilẹ̀ ti le àti ibi tí ó ti rọ̀. Nígbà tí wọ́n dárúkọ oògùn apakoríko, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé èrò kan tí ìdánilójú rẹ̀ kéré bọ́ sí etí aráyé gẹ́gẹ́ bí èsì. Àwọn onímọ̀ náà sọ pé ìfura ni, ṣùgbọ́n àkọlé ìwé ìròyìn kì í gbé ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dání. Kò burú pé wọ́n fura sí oògùn apakoríko ní agbègbè tí àgbẹ̀ pọ̀ tó báyìí. Ohun tí kò dára ni pé nígbà tí orúkọ yí padà láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó rọrùn fún ẹni tí ó ti gba ti Málòkun gbọ́ láti sọ pé àwọn dókítà pàápàá kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Kì bá tí rí bẹ́ẹ̀ bí gbólóhùn tí ó kọ́kọ́ jáde bá jẹ́ pé, "ohun mímu ni a fura sí, ẹ má mu ọtí tí ẹ kò mọ ibi tí ó ti wá, a ṣì ń wá irú májèlé tí ó jẹ́."

Àwọn tí ń kọ́ni ní ìlànà yìí máa ń sọ̀rọ̀ nípa ìpinnu tí kò ní àbámọ̀, ìyẹn ni ìpinnu tí yóò wúlò èyíkéyìí tí ó bá jẹ́ òtítọ́ nínú àwọn ohun tí wọ́n ń fura sí, tí owó rẹ̀ kò sì pọ̀ bí ìfura náà bá já sí òfo. Ní Òde-Ìrèlè, ìkìlọ̀ pé kí wọ́n dá ògógóró mímu dúró fún ọ̀sẹ̀ kan jẹ́ irú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ mẹ́tánọ́ọ̀lù, yóò gba ẹ̀mí là. Bí ó bá jẹ́ oògùn apakoríko tí ó dà sínú ọtí, yóò gba ẹ̀mí là. Bí ó bá sì jẹ́ àrùn, ẹni tí kò mu ògógóró fún ọjọ́ méje kò pàdánù ohun púpọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí ń tà á yóò kùn. Ṣùgbọ́n láti sé ọ̀nà tí ó wọ ìlú, tàbí láti ti gbogbo ọjà, jẹ́ ìpinnu tí yóò wúlò kìkì bí ó bá jẹ́ àrùn tí ń ràn, owó rẹ̀ sì ga. Alábòójútó tí ó ní ìgbéléwọ̀n ewu lọ́wọ́ lè ṣe èkíní ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ó sì fi èkejì sílẹ̀ títí ẹ̀rí yóò fi pọ̀ sí i.

Mẹ́tánọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ yẹ ní àlàyé, nítorí bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni ó ń sọ bí àkókò ìpinnu ti kúrú tó. Ọtí tí ènìyàn ń mu ni ẹ́tánọ́ọ̀lù. Mẹ́tánọ́ọ̀lù jọ ọ́ lójú, ó jọ ọ́ ní òórùn, ó sì ń pa ènìyàn bí ọtí ní ìbẹ̀rẹ̀. Nínú ẹ̀dọ̀ ni ó ti ń yí padà, tí ó ń di fọmadíháìdì, lẹ́yìn náà ásíìdì fọ́míkì, èyí tí ó ń ba iṣan tí ó so ojú mọ́ ọpọlọ jẹ́ tí ó sì ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Ìyípadà yìí máa ń gba wákàtí 12 sí 24, nítorí náà ẹni tí ó mu ún ní alẹ́ lè jí ní òwúrọ̀ kí ó rò pé ọtí àná ni ó ń fọ́ òun lórí. Nǹkan bí mílílítà 10 tí kò lábùlà lè fọ́ ènìyàn lójú, 30 sì lè pa á. Oògùn wà fún un bí wọ́n bá tètè dé ilé ìwòsàn: wọ́n lè fún aláìsàn ní fomepizole, tàbí ẹ́tánọ́ọ̀lù gan-an ní ìwọ̀n tí dókítà ń ṣọ́, kí ẹ̀dọ̀ má bàa ráyè yí mẹ́tánọ́ọ̀lù padà, kí ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ sì yọ ọ́ kúrò. Gbogbo èyí túmọ̀ sí pé láàárín ìgbà tí ẹni àkọ́kọ́ dákú àti ìgbà tí ẹ̀rọ ní Èkó yóò sọ èsì, àwọn mìíràn ti mu ún tí wọn kò sì tíì mọ̀. Àwọn wọ̀nyí gan-an ni ìpinnu kíákíá lè gbà là.

Bí mẹ́tánọ́ọ̀lù ṣe dé inú ògógóró ṣì jẹ́ ohun tí àwọn onímọ̀ ń jiyàn lé. Láti ara ẹmu, ti ọ̀pẹ tàbí ti igi ògùrọ̀, ni wọ́n ti ń sè é. Wọ́n ń gbé ẹmu tí ó ti kan kaná, èéfín ọtí á gba inú páìpù kọjá nínú omi tútù, á sì di ọtí líle ní ẹnu kejì. Mẹ́tánọ́ọ̀lù ń hó ní nǹkan bí ìwọ̀n 65 lórí òṣùwọ̀n sẹ́ńtígíréédì, ẹ́tánọ́ọ̀lù ń hó ní nǹkan bí 78, nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí díẹ̀ bá wà nínú ẹmu náà, èyí tí ó kọ́kọ́ ń kán ni ó máa ń pọ̀ jù sí. Àwọn kan gbà pé kòkòrò inú ẹmu lè ṣe é. Àwọn mìíràn sì ní kò lè pọ̀ tó láti pa ènìyàn 18, pé ẹnì kan ni yóò ti fi mẹ́tánọ́ọ̀lù ilé iṣẹ́ bù ú kí ó lè pọ̀. Fún ẹni tí ó fẹ́ gbé ewu lé ìwọ̀n, àríyànjiyàn yìí kì í ṣe ti yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Bí ó bá jẹ́ láti inú ìkòkò, gbogbo abúlé tí ń sè é ni ewu wà, ìdáhùn sì ni kíkọ́ àwọn tí ń sè é láti da èyí tí ó kọ́kọ́ kán nù. Bí ó bá jẹ́ àbùlà, ewu wà níbikíbi tí dúrọ́ọ̀mù ọlọ́jà kan pàtó dé, ìdáhùn sì ni kí wọ́n tọ ipasẹ̀ dúrọ́ọ̀mù náà.

Ìdáhùn tí ìjọba àpapọ̀ yàn yàtọ̀ sí méjèèjì. Láàárín oṣù karùn-ún àti oṣù kẹfà ọdún 2015, irú ikú kan náà ṣẹ́ sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Rivers, ó sì pa ènìyàn ju ti Òde-Ìrèlè lọ dáadáa. Ní oṣù kẹfà, ìjọba fi òfin de ṣíṣe àti títa ògógóró ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Ògógóró ti mọ òfin bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀: ní ọdún 1930 sókè, nígbà tí sísè rẹ̀ gbilẹ̀ ní gúúsù Nàìjíríà, ìjọba amúnisìn kà á sí ọtí tí kò bófin mu, ọlọ́pàá a máa fọ́ ìkòkò, a sì máa mú àwọn tí ń sè é, síbẹ̀ kò tán. Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ògógóró wà níbi ìgbéyàwó, ó wà níbi ìsìnkú, wọ́n ń fi í tọrọ, wọ́n ń fi í rúbọ, òun náà sì ni wọ́n ń rẹ egbò sí láti fi ṣe àgbo jẹ̀dí. Òfin tí ó bá de irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láìdá ọjọ́ tí yóò parí a máa sún un wọ inú igbó ni, níbi tí kò sí ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò, nígbà tí ó jẹ́ pé yíyẹ̀wò gan-an ni ohun tí wọ́n nílò.

Orílẹ̀-èdè Czech ṣe é lọ́nà mìíràn ní ọdún 2012. Nígbà tí mẹ́tánọ́ọ̀lù inú ọtí àdàmọ̀dì bẹ̀rẹ̀ sí í pa ènìyàn níbẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, ìjọba dá títa gbogbo ọtí tí agbára rẹ̀ ju ìdá 20 nínú 100 lọ dúró ní ọjọ́ 14 oṣù náà, èyí tí ó le ju ti Nàìjíríà lọ lójú àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi máa di ọjọ́ 27, wọ́n ti tú òfin náà sílẹ̀ fún ọtí tí ó bá ní ìwé tí ó fi ibi tí ó ti wá hàn, àti fún èyí tí wọ́n ti ṣe kí ọdún 2012 tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ó kú lé ní 40 nígbẹ̀yìn, nítorí náà kò sí ẹni tí yóò pè é ní ìṣẹ́gun. Ohun tí ó yẹ fún àkíyèsí ni pé òfin gbogbogbòò náà dúró nígbà tí ìmọ̀ kéré, ó sì ń dín bí ìmọ̀ ti ń pọ̀, títí ó fi kù sórí ìgò tí kò ní ìwé. Lóòótọ́, Czech ní ilé iṣẹ́ ọtí tí ó ní ìwé, ilẹ̀ Ìkálẹ̀ kò sì ní irú rẹ̀ fún ògógóró. Ìyẹn ni ipò ìlú tí ìbéèrè kẹta ń béèrè, ó sì túmọ̀ sí pé kí ìjọba tó lè fara wé Czech, ó ní láti kọ́kọ́ mọ àwọn tí ń sè é, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n lè jáde sí gbangba láìsí ìbẹ̀rù ọlọ́pàá.

Ẹ̀kọ́ kan wà láti Amẹ́ríkà tí ó lè tan ìmọ́lẹ̀ sí bí ó ṣe yẹ kí wọ́n máa ṣe irú ìpinnu bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1983, ìgbìmọ̀ onímọ̀ kan níbẹ̀ gbé ìwé kan jáde, tí àwọn onímọ̀ mọ̀ sí ìwé pupa, tí ó sọ pé kí wọ́n ya gbígbé ewu lé ìwọ̀n sọ́tọ̀ kúrò lára yíyan ohun tí wọn yóò ṣe sí i. Èkíní jẹ́ iṣẹ́ onímọ̀: báwo ni ohun náà ti lágbára tó, ìwọ̀n wo ni ó ń pani lára, ènìyàn mélòó ni ó kàn? Èkejì jẹ́ ti ẹni tí ará ìlú fi sípò, nítorí owó wà nínú rẹ̀, àṣà wà nínú rẹ̀, ìdájọ́ òdodo sì wà nínú rẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé kí àwọn méjèèjì má rí ara wọn. Ohun tí ó ń sọ ni pé kí kọmíṣọ́nnà má sọ fún onímọ̀ irú èsì tí òun ń fẹ́, kí onímọ̀ náà má sì fi èsì bo ohun tí ó jẹ́ ìfẹ́ inú tirẹ̀. Ní Nàìjíríà, ó wọ́pọ̀ kí wọ́n ti ṣe ìpinnu tán kí wọ́n tó ní kí àwọn onímọ̀ wá kọ ìgbéléwọ̀n tí yóò gbè é lẹ́yìn. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò ṣe alábòójútó ní àǹfààní kankan, nítorí bí ìpinnu náà bá kùnà, kò sí ibi tí wọn yóò padà sí láti wo ohun tí wọ́n rò tí kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìpínlẹ̀ Zamfara fi hàn pé ìbéèrè ìfarakínra lè le ju ti májèlé lọ. Ní ọdún 2010, wọ́n rí i pé òjé ni ó ń pa àwọn ọmọdé ní àwọn abúlé tí wọ́n ti ń wa góòlù níbẹ̀. Àwọn ọmọ tí ó kú lé ní 400. Orúkọ májèlé náà kò ṣòro láti rí nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ohun tí ó ṣòro ni pé inú àgbàlá ni wọ́n ti ń lọ òkúta góòlù náà, eruku rẹ̀ sì wà lórí ilẹ̀ tí ọmọ ń rá lé, nítorí náà kò sí oògùn tí yóò ṣiṣẹ́ bí ọmọ bá padà sí ilé kan náà. Wọ́n ní láti kó erùpẹ̀ odidi abúlé kúrò, ní abúlé Bagega, ọdún 2013 ni wọ́n tó ṣe é, nítorí owó kò tètè jáde. Ìgbéléwọ̀n náà ti wà nílẹ̀. Ìpinnu ni kò tẹ̀ lé e.

Ètò tí ó yẹ kí ó gbé ìròyìn láti abúlé dé Àbújá wà lórí ìwé. Ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ṣọ́ àrùn kí ó sì fi tó ìpínlẹ̀ létí, ìpínlẹ̀ á sì fi tó NCDC létí, ìyẹn àjọ tí ń dènà àjàkálẹ̀ àrùn ní Nàìjíríà, tí òfin rẹ̀ di àṣẹ ní ọdún 2018. Lókè pátápátá, Òfin Ìlera Àgbáyé ti ọdún 2005 fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè mẹ́rin: ṣé ọ̀ràn náà le, ṣé ó ṣàjèjì, ṣé ó lè sọdá ibodè, ṣé ó lè mú kí wọ́n dí ìrìn àjò tàbí òwò lọ́wọ́? Bí ìdáhùn sí méjì bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ní láti sọ fún Àjọ Ìlera Àgbáyé láàárín wákàtí 24.

Ìsàlẹ̀ ètò náà ni ó yẹ kí ojú wà, nítorí ibẹ̀ ni ìmọ̀ nípa ìfarakínra wà. Bí òṣìṣẹ́ kan bá wá láti Àkúrẹ́ sí Igbódìgò tí ó sì béèrè lọ́wọ́ àwọn ènìyàn bóyá wọ́n mu ògógóró, ó ṣeé ṣe kí obìnrin kan tí ó jẹ́ ọmọ ìjọ, tí kò fi ọtí kan ẹnu rí, dáhùn pé rárá, láìrántí pé òun mu ife àgbo jẹ̀dí kan ní àná. Ìwé ìwádìí yóò kọ orúkọ rẹ̀ sí apá àwọn tí kò mu ún, gbogbo ìṣirò tí ó ń wá ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí ó mu ún àti ẹni tí kò mu ún yóò sì dàrú. Ọmọ ìlú tí ó mọ ohun tí àwọn olùtà àgbo ń rẹ egbò sí yóò béèrè ọ̀rọ̀ náà lọ́nà mìíràn. Bákan náà, ẹni tí ó ń ta ọtí mọ ẹni tí ó tà á fún òun, yóò sì sọ ọ́ bí ó bá dá a lójú pé àwọn tí ń béèrè kò wá láti fọ́ dúrọ́ọ̀mù òun.

Ìwọ̀n tí ìpínlẹ̀ bá fún ewu kan sì lè má bá ti ìlú kan mu. Ibà Lásà jẹ́ àpẹẹrẹ. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí àrùn náà ti ń pọ̀ jù ní Nàìjíríà, apá àríwá ìpínlẹ̀ náà, ní agbègbè Ọ̀wọ̀, ni ó sì ti wọ́pọ̀ jù, tí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí ó wà níbẹ̀ sì di ibi ìtọ́jú pàtàkì fún un. Bí wọ́n bá pín owó àti aṣọ ààbò lórí ìgbéléwọ̀n kan ṣoṣo fún gbogbo ìpínlẹ̀, Igbódìgò lè gba ìpín tí ó yẹ kí ó lọ sí Ọ̀wọ̀, kí wọ́n má sì rántí pé ògógóró, oògùn apakoríko inú ìgò ọtí tí kò ní àkọlé, àti ẹ̀gẹ́ tí wọn kò rẹ dáadáa ni ó súnmọ́ ilé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn ń rìn, ọjà ń rìn, ẹni tí ó kó ibà Lásà ní Ọ̀wọ̀ sì lè wá kú ní Òkìtìpupa. Nítorí náà kí ewu kéré kò túmọ̀ sí kí nọ́ọ̀sì má mọ àmì rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù lórí àwọn nọ́ńbà. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ti sọ ìgbéléwọ̀n ewu di tábìlì aláwọ̀ pupa, òféèfèé àti ewé, níbi tí wọ́n ti fún ìṣeéṣe ní 1 sí 5, tí wọ́n fún àbájáde ní 1 sí 5, tí wọ́n sì sọ wọ́n di púpọ̀. Ohun tí kò ṣeé ṣe jù, tí ó sì lè pa ìlú run, á gba 5. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ tí kò sì pa ẹnikẹ́ni lára, á gba 5 pẹ̀lú. Tábìlì náà yóò sì sọ pé ọ̀kan náà ni méjèèjì. Kò sí alábòójútó olóye kan tí yóò tọ́jú wọn bákan náà. Tábìlì náà wúlò fún kíkó àwọn ènìyàn jọ láti sọ̀rọ̀, kí dókítà, òṣìṣẹ́ omi, àgbẹ̀ àti olórí ọjà lè gbọ́ ohun tí olúkúlùkù ń bẹ̀rù, ṣùgbọ́n gbólóhùn tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà náà ṣe pàtàkì ju nọ́ńbà lọ.

Fún ìjọba ìbílẹ̀ bí Òkìtìpupa, ìwé náà kò ní láti gùn. Ojú ìwé kan fún ewu kọ̀ọ̀kan tó: ohun tí ó jẹ́, ẹni tí ó kàn, àmì tí yóò fi hàn pé ó ti bẹ̀rẹ̀, ìdánilójú tí wọ́n ní, ìpinnu àkọ́kọ́ tí wọn yóò ṣe láìdúró de èsì, ẹni tí ó ní àṣẹ láti ṣe é ní òpin ọ̀sẹ̀ nígbà tí ọ́fíìsì bá wà ní títì, àti ọjọ́ tí wọn yóò tún un wò. Apá ìkẹyìn yìí ni ó máa ń sọnù jù, òun ni kò sì jẹ́ kí òfin tí wọ́n ṣe nínú ìbẹ̀rù di ohun tí kò ṣeé tú mọ́. Kò yẹ kí ìwé náà wà ní Àkúrẹ́ nìkan. Ẹ̀dà rẹ̀ yẹ kí ó wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ní Igbódìgò pẹ̀lú nọ́ńbà ẹni tí yóò pè, ìgò mímọ́ tí yóò bu ọtí tí wọ́n fura sí sí, àti owó ọkọ̀ tí yóò gbé ìgò náà lọ sí ibi àyẹ̀wò.